Epo Rọ̀bì Ti Ìjọba: Kí Ló Kan Mẹ̀kúnnù Níbẹ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ta ló ni epo tó wà nínú ilẹ̀ gan-an?

Ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè ayé, ìjọba ló ni ín. Ẹ lè ra ilẹ̀, kí ẹ gba ìwé rẹ̀, kí ẹ kọ́lé sí i, kí àwọn ọmọ yín sì jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n bí epo bá wà lábẹ́ ilé náà, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kán kan níbẹ̀. Nàìjíríà fi èyí sínú òfin epo rọ̀bì ọdún 1969, ìwé òfin ọdún 1999 sì tún un sọ ní abala 44. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Nọ́wè, ní Sáúdí Àrábíà àti ní Mẹ́síkò.

Amẹ́ríkà ló yàtọ̀ jù. Ní Texas, ẹni tó ni ilẹ̀ lè ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ lè bá ilé iṣẹ́ epo tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un lórí gbogbo àgbá tí wọ́n bá fà jáde. Ó tiẹ̀ lè ta ojú ilẹ̀ kó sì di ti abẹ́ ilẹ̀ mú.

Lọ́dún 1962, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò pé àwọn ènìyàn àti orílẹ̀-èdè ló láṣẹ lórí ọrọ̀ inú ilẹ̀ wọn, àti pé ire ará ìlú ni kí wọ́n fi ṣe. Kò sí ìjọba tó máa ń bá gbólóhùn yẹn jiyàn. Ohun tó ń fa ìjà ni bí "ti àwọn ènìyàn" ṣe máa ń di "ti ìjọba", tí "ti ìjọba" náà á sì di ti àwọn tó wà nípò lásìkò náà.

Kí ló dé tí àwọn ìjọba fi gba epo lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè nígbà náà lọ́hùn-ún?

Ìrẹ́jẹ ló pọ̀ nínú àdéhùn àkọ́kọ́. Lọ́dún 1901, ọba Ìráànì fún William Knox D'Arcy, oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì, láṣẹ láti wá epo káàkiri èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, ọgọ́ta ọdún ni wọ́n sì kọ síwèé. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló gbòde. Ilé iṣẹ́ ló ń pinnu iye tí yóò wà, òun ló ń pinnu iye tí yóò tà á, ohun tó sì ń kan onílẹ̀ kò tó nǹkan.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti sọ ni ti Mẹ́síkò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1938, Ààrẹ Lázaro Cárdenas kéde pé epo ilẹ̀ náà ti di ti ìjọba. Owó gbà-máà-bínú wà láti san fún àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, làwọn ará ìlú bá tò láti dá sí i. Ẹlòmíràn kó ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ wá, ẹlòmíràn gbé adìyẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé adìyẹ lọ san gbèsè epo ti gbà tọkàntọkàn pé tòun ni epo náà. Ìjọba tí irú ìgbàgbọ́ yẹn ṣì wà fún lónìí kò pọ̀.

Ìráànì náà dán an wò lọ́dún 1951 lábẹ́ Mohammad Mossadegh, olórí ìjọba wọn, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lọ́wọ́ sí ìdìtẹ̀ tó gbé e kúrò lórí àlééfà lọ́dún 1953. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. Wọ́n dá OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, sílẹ̀ ní Baghdad lọ́dún 1960, Fẹnẹsúélà gba tirẹ̀ lọ́dún 1976, Nàìjíríà dá NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, sílẹ̀ lọ́dún 1977, Sáúdí Àrábíà sì gba Aramco, ilé iṣẹ́ tó ń wa epo ilẹ̀ rẹ̀, tán pátápátá lọ́dún 1980.

Ṣé ìjọba tó ni epo náà ló ń wà á?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ àti owó ló ń wà á, ìjọba á wá gba tirẹ̀ bí ìṣákọ́lẹ̀, bí owó orí, tàbí bí ìpín nínú epo fúnra rẹ̀. Inú àdéhùn yìí ni owó ti lè fò lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè.

Ẹ jẹ́ ká wo àdéhùn tí Gùyánà bá ExxonMobil, ilé iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ṣe lọ́dún 2016. Ká ní wọ́n fa 100 àgbá epo jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ náà lè kọ́kọ́ mú tó 75 láti fi gba owó tí wọ́n ti ná padà. Ó ku 25. Wọ́n á pín in sọ́nà méjì, àgbá méjìlá àtààbọ̀ fún ìjọba, méjìlá àtààbọ̀ fún wọn. Wọ́n á tún yọ àgbá 2 nínú tiwọn san ìṣákọ́lẹ̀. Àgbá mẹ́rìnlá àtààbọ̀ ni onílẹ̀ gbé lọ nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí wọn yóò fi gba gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn ná. Ta ló ń yẹ ìwé ìnáwó wọn wò? Bí ìjọba kò bá ní òṣìṣẹ́ tó lè bá wọn ṣírò ohun tí wọ́n ra ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n san fún ọkọ̀ òfuurufú àti iye owó oṣù ọ̀gá wọn, ohun tí ilé iṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ ni abẹ gé.

Nọ́wè kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí ìpín báyìí. Owó orí ni wọ́n ń gbà: ìdá 78 nínú 100 èrè orí epo ló ń lọ sápò ìjọba. Lórí ìyẹn, ìjọba tún ni ìdá 67 nínú Equinor, ilé iṣẹ́ epo tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972, tó ń jẹ́ Statoil títí di ọdún 2018.

Nàìjíríà ń ta epo, Nọ́wè ń ta epo. Kí ló dé tí ìyàtọ̀ fi pọ̀ tó báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ ka orí kí ẹ tó ka àgbá.

Nọ́wè ń wa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 5.5. Líta 159 ló wà nínú àgbá kan. Bí wọ́n bá pín in lórí, yóò lé ní líta 50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, àtọmọdé àtàgbà. Nàìjíríà ń wa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 àgbá, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì lé ní 200 mílíọ̀nù. Líta kan àti díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ta àgbá kan ní 70 dọ́là, líta kan àti díẹ̀ yẹn kò ju nǹkan bí ààbọ̀ dọ́là lọ, a ò sì tíì yọ owó tí wọ́n fi wà á.

Èyí kò dá olè láre o. Ààbọ̀ dọ́là lójúmọ́ fún ẹni tí kò ní nǹkan kan kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ẹni tó bá sì jí i kò yàtọ̀ sí ẹni tó jí oúnjẹ ọmọdé. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ di olóòótọ́ lọ́la, epo nìkan kò lè sọ orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó yẹn di Kùwéètì. Olóṣèlú tó bá ń ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ní kó bá yín ṣe ìṣirò náà lójú agbo.

Àwọn ọ̀nà wo ni owó náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ ará ìlú?

Ó lè gba inú ètò ìṣúná: ọ̀nà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó lè jẹ́ epo bẹntiróò olówó pọ́ọ́kú. Ó lè jẹ́ pé ìjọba kò gba owó orí lọ́wọ́ yín. Wọ́n lè kó o pamọ́ fún àwọn ọmọ tí a ò tíì bí. Ó sì lè jẹ́ owó tí wọ́n san sí yín lápò tààrà.

Ti iṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ epo ńkọ́? Ẹ má fọkàn sí i púpọ̀. Kànga epo ń gba owó rẹpẹtẹ, kì í gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń bójú tó o.

Ṣé epo olówó pọ́ọ́kú kọ́ ni èrè tó dájú jù fún mẹ̀kúnnù?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ń bá mi jà jù, ìdáhùn mi kò sì tíì yí padà: òun ló burú jù nínú gbogbo ọ̀nà náà, síbẹ̀ ẹni tó bá yọ ọ́ láìfi nǹkan mìíràn dípò ṣe ohun tó burú jù ú lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta àti ẹ̀rọ amúnáwá ńlá ń gba ìrànwọ́ ìjọba lórí gbogbo líta tó bá rà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ kò rí tirẹ̀ gbà, àfi ìwọ̀nba tó bá hàn lára owó ọkọ̀ àti owó ọjà. Àwọn onífàyàwọ́ á gbé epo náà kọjá ẹnubodè lọ tà níbi tó ti gbówó lórí, èrè tí ìjọba rò pé òun ń ṣe ará ìlú á sì di ti aládùúgbò. Owó tó yẹ kó kọ́ ilé ìwòsàn ti jóná nínú ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun nìkan ni èrè epo tí wọ́n fojú rí rí. Nígbà tí Nàìjíríà kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀, líta kan tí kò tó 200 náírà ti ń sún mọ́ 500 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìyà ti jẹ wọ́n ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìrànwọ́. Ìráànì gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2010: wọ́n kọ́kọ́ san owó sí àpò ìkówósí àwọn ìdílé, 455,000 ríálì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, kí wọ́n tó gbé owó epo sókè. Ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ owó yẹn run díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, torí wọn kò fi kún un bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, ètò tó fi owó síwájú ìyà sàn ju èyí tó fi ìyà síwájú owó lọ.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń san owó epo fún ará ìlú lọ́wọ́?

Ó wà. Alaska ni, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà.

Wọ́n rí epo ńlá ní Prudhoe Bay lọ́dún 1968. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ náà fi ilẹ̀ ibẹ̀ yá àwọn ilé iṣẹ́, ó sì gba 900 mílíọ̀nù dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ná an tán, làwọn ará ìlú bá ń bi ara wọn léèrè pé níbo ló wọlẹ̀ sí. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí wọ́n dìbò lọ́dún 1976 láti tún ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn ṣe: ó kéré tán, ìdá 25 nínú 100 ìṣákọ́lẹ̀ epo gbọ́dọ̀ wọ àpò kan tí ìjọba kò lè fọwọ́ kan olú owó rẹ̀. Èrè orí owó náà ni wọ́n ń pín. Lọ́dún 1982, wọ́n san 1,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2022, ó jẹ́ 3,284 dọ́là. Ọmọ ọwọ́ ń gbà, olówó ń gbà, ẹni tí kò níṣẹ́ ń gbà.

Jay Hammond, gómìnà tó wà nídìí ètò náà, kò fi bò pé òun fẹ́ kí ará ìlú ní ohun tí wọn yóò máa ṣọ́. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gómìnà mìíràn gé owó náà sí nǹkan bí ìdajì lọ́dún 2016, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ yẹn. Ilé ẹjọ́ dá gómìnà láre, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò tán láàárín àwọn olùdìbò. Ẹ fi wé ibi tí bílíọ̀nù dọ́là ti lè sọnù nínú ìwé ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò sì jáde sójú títì, torí kò sẹ́ni tó mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Nọ́wè ń kọ́? Ṣé wọ́n ń pín tiwọn náà?

Wọn kì í pín in lọ́wọ́. Wọ́n ṣòfin àpò owó epo lọ́dún 1990, owó àkọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ lọ́dún 1996, ó sì kọjá tírílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún 2017. Òkèèrè nìkan ni wọ́n ń fi owó náà dókòwò, kí ọ̀pọ̀ owó epo má baà ya wọ inú ilé kí ó sì ba iṣẹ́ ọwọ́ àti ọjà ilẹ̀ wọn jẹ́. Ohun tí ìjọba lè yọ lọ́dún jẹ́ nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Ará Nọ́wè ń ra epo bẹntiróò ní owó gegere, ó ń san owó orí tó wúwo, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ló sì ti ń rí èrè rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí gbogbo ìlú ṣe bíi Nọ́wè. Ó dùn ún sọ. Kí wọ́n tó kan epo ní Ekofisk, nínú òkun Nọ́wè, lọ́dún 1969, ilé ẹjọ́ wọn ti ń dájọ́, ìwé ìròyìn wọn ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu mínísítà, òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ti mọ ìwé í kọ. Epo bá ilé tó dúró.

Kí ló wá ṣe Fẹnẹsúélà?

Ilẹ̀ tí wọ́n kà sí ẹni tí epo inú ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù láyé, nǹkan bí 300 bílíọ̀nù àgbá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mẹ̀kúnnù ibẹ̀ kò jẹ nínú rẹ̀ rí. Nígbà tí owó epo ń gòkè láàárín ọdún 2003 sí 2008, òṣì dínkù lóòótọ́, ilé ìwòsàn sì dé àwọn àdúgbò tí dókítà kì í dé tẹ́lẹ̀.

Àjẹìwẹ̀yìn ni wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún 2002 sí 2003, ìjọba lé nǹkan bí 18,000 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo PDVSA dànù, àwọn tó mọ iṣẹ́ sì pọ̀ nínú wọn. Owó tó yẹ kí wọ́n fi tún kànga àti ọ̀pá epo ṣe ni wọ́n ń ná sórí nǹkan mìíràn. Lọ́dún 1998 wọ́n ń wa ju mílíọ̀nù mẹ́ta àgbá lọ lójúmọ́. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2020, kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ìfìyàjẹ ọrọ̀ ajé láti Amẹ́ríkà dá kún un, ṣùgbọ́n epo wọn ti ń já wálẹ̀ kí ìyẹn tó dé. Ó lé ní mílíọ̀nù méje ènìyàn tó ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Bí ìjọba kò bá gba owó orí lọ́wọ́ mi nítorí epo, ṣé èrè kọ́ nìyẹn?

Èrè ni, ní oṣù yẹn. Ìjọba tí kò nílò owó yín kò nílò ohùn yín náà.

Àwọn tó ń gbé níbi tí epo ti ń jáde, ṣé wọ́n ń rí ju àwọn yòókù lọ?

Èéfín àti omi tó bàjẹ́ ni wọ́n ń rí jù. Ní Nàìjíríà, Oloibiri ni wọ́n ti kan epo tó ṣe é tà lọ́dún 1956. Lọ́dún 2011, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ògóni jáde. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá benzene, kẹ́míkà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ó sì fi ìlọ́po 900 kọjá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà. Wọ́n ní ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí àyíká náà tó padà bọ̀ sípò.

Òfin ní kí ó kéré tán ìdá 13 nínú 100 owó epo padà sí àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, àgbègbè tí omi rẹ̀ bàjẹ́ kò láṣẹ lórí rẹ̀. Òfin epo ọdún 2021 fi kún un pé kí ilé iṣẹ́ epo máa yọ ìdá 3 nínú 100 ohun tó ná síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá fún àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Èyí sún mọ́ àwọn ènìyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ba ohun èlò jẹ́ níbẹ̀, wọ́n á yọ owó àtúnṣe rẹ̀ nínú owó gbogbo ìlú. Èmi ò mọ bí obìnrin tó ń pẹja ṣe fẹ́ ṣọ́ ọ̀pá epo lóru.

Ṣé kò ní sàn kí wọ́n ta ilé iṣẹ́ epo ìjọba fún aládàáni?

Ó sinmi lórí ẹni tí wọ́n tà á fún àti iye tí wọ́n tà á. Rọ́ṣíà fi àwọn ilé iṣẹ́ epo ńlá dúró fún ẹ̀yáwó lọ́dún 1995, kò san án padà, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tó yá a lówó sì gbà wọ́n, wọ́n di olówó bílíọ̀nù, nígbà tí òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù tí kò dé. Sáúdí Àrábíà ta ìdá kan àtààbọ̀ péré nínú 100 Aramco lọ́dún 2019. Nítorí àtitajà yẹn, wọ́n ní láti ṣí ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fáyé kà. Lójú mi, ìwé tó ṣí yẹn wúlò ju owó tí wọ́n pa níbẹ̀ lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ń tàn wá?

Òfin tó dára lórí ìwé kò tó. Banki Àgbáyé bá Chad dá sí ètò ọ̀pá epo pẹ̀lú òfin ọdún 1999 tó ní kí wọ́n máa fi ìdá 10 nínú 100 pamọ́ fún àwọn ìran tó ń bọ̀. Lọ́dún 2006, ìjọba pa apá yẹn rẹ́, ó sì fi ètò ààbò kún ohun tí wọ́n lè fi owó náà ṣe. Lọ́dún 2008, Banki Àgbáyé kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àlejò ló ń ṣọ́ owó náà, kì í ṣe ará ilé.

Gánà fi tirẹ̀ sọ́wọ́ ará ilé. Epo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní òpin ọdún 2010. Òfin ọdún 2011 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn ọba alayé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn ẹlẹ́sìn ní aṣojú nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà máa ń lọ wo iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn fi owó epo ṣe lójúkorojú, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè rí kà. Wọn kò láṣẹ láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, èyí sì ń dùn wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ wá ìwé àdéhùn láàárín ìjọba àti ilé iṣẹ́ epo kí ẹ tó wá ohunkóhun. Orílẹ̀-èdè tó wà nínú EITI, ètò àgbáyé tó ń mú kí owó epo àti ohun àlùmọ́nì hàn sójú táyé, yẹ kí ó máa gbé iye tí ilé iṣẹ́ san àti iye tí ìjọba ní òun gbà jáde. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ìyókù wà, ní ojú gbogbo ènìyàn, ṣáájú ìdìbò.